Ta Ni Yóò Bomi Rin Ín Lóṣù Kìíní?

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje ọdọọdún, Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń gbin igi. Ọdún 2008, nígbà ìjọba Babátúndé Fáṣọlá, ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, alága káńsù á gbé ṣọ́bìrì, kábíyèsí á súre, àwọn ọmọ iléèwé á tò sórí ìlà nínú oòrùn, ayàwòrán á ní kí gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Igi á wọlẹ̀, èrò á túká. Ewúrẹ́ ló sábà máa ń jẹ́ àlejò tó kàn.

Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Igi tí wọ́n bá gbìn láàárín oṣù Keje ti bá òjò ńlá pàdé, ṣùgbọ́n ìsinmi òjò ti oṣù Kẹjọ náà ti ń kanlẹ̀kùn. Bí ó bá la ìyẹn já, òjò oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá á tún gbé e nídìí. Ibi tí wàhálà wà ni oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí ilẹ̀ pupa bá le bí àpáta, tí gbòǹgbò igi tí kò tíì pé ọdún kan kò sì tíì gùn tó láti kan omi nísàlẹ̀. Igi tí ẹnikẹ́ni kò ṣọgbà yí ká, tí ẹnikẹ́ni kò sì bomi rin láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, orí nìkan ló lè yọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ gidi fún ilẹ̀ àti igbó lápá ibí yìí, kó má bèèrè iye igi tí wọ́n gbìn lọ́jọ́ ayẹyẹ. Kó bèèrè orúkọ ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi débẹ̀ lóṣù Kìíní.

Ẹ̀pẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ọmọ ibẹ̀ ni Olóyè Shafi Lawal Edu, oníṣòwò ńlá tí wọ́n bí ní ọdún 1911. Òun ló dá Nigerian Conservation Foundation, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NCF, sílẹ̀ ní ọdún 1980. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi owó àti àkókò òun dáàbò bo ọ̀bọ àti ọ̀nì, wọ́n á bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Owó epo ń ṣàn, igbó sì dà bí ohun tí kò lè tán láé. Baba náà kú ní ọdún 2002, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Ó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún, ó ní ẹgbẹ́ olùdáàbòbò igbó àti ẹranko láàárín àwọn ọmọ iléèwé, òun ló sì ń tọ́jú Lekki Conservation Centre, hẹ́kítà 78 tó ti wà láti ọdún 1990 lójú ọ̀nà tó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ló ti bá iléèwé wọn lọ síbẹ̀, tí wọ́n ti rìn lórí afárá olókùn tó gùn ní mítà 401 láàárín orí igi, tí ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n tí wọ́n sì ń díbọ́n pé ẹ̀rù kò bà wọ́n. Owó ìwọlé tí wọ́n san wà lára ohun tó ń gbọ́ bùkátà ibẹ̀. Kókó nìyẹn. Igbó tó dúró sáàárín àwọn ilé olówó ńlá ní Lẹ́kí lónìí kò dúró torí pé àwọn aládùúgbò fẹ́ràn ẹyẹ. Ó dúró torí pé ẹgbẹ́ kan ń dáhùn fún un lójoojúmọ́, ọgbà yí i ká, owó díẹ̀ sì ń wọlé fún ìtọ́jú rẹ̀.

Ní ti kí èèyàn ṣiṣẹ́ láìgba owó, kò sẹ́ni tó lè kọ́ Yorùbá. Àárò ni àwọn àgbẹ̀ fi ń bá ara wọn ro oko ní yíyí, ọ̀wẹ̀ ni ọkọ ìyàwó fi ń bá àna rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àárò ní okùn nínú: ẹni tó jàǹfààní rẹ̀ lónìí ti jẹ gbèsè ọ̀la, bí kò bá sì yọjú, gbogbo abúlé ló máa gbọ́. Ẹni tó wọ ẹ̀wù tí NGO pín, tó ṣa ike fún wákàtí mẹ́ta létí ọ̀sà, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí ó bá wù ú, á padà wá. Bí kò bá wù ú, ó di gbére. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú fi máa ń so ètò wọn mọ́ ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, bíi ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA), ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ apẹja, níbi tí wọ́n ti mọ orúkọ ara wọn, tí ojú sì ń ti ẹni tí kò wá.

Ìjọba gbìyànjú tirẹ̀, pẹ̀lú pàṣán. Láti ọdún 1984, lábẹ́ ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon, Satidé tó kẹ́yìn oṣù di ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká: láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kan títì. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbáko ni Èkó fi ṣe é, kó tó di pé wọ́n dá a dúró ní ìparí ọdún 2016, lẹ́yìn tí àwọn kóòtù ti sọ pé kò bófin mu láti sé àwọn aráàlú mọ́lé nítorí gbálẹ̀-gbálẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà nígbà náà mọ bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi wákàtí mẹ́ta náà sùn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbálẹ̀ sì gbá a sínú gọ́tà. Gọ́tà gbé e lọ sí odò, odò gbé e lọ sí ọ̀sà.

Ọ̀rọ̀ ike létí ọ̀sà Ìkòròdú, ọ̀dú ni, kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò láti lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó á rí i tó léfòó. Apẹja Májídùn àti Ìbẹ̀ṣẹ̀ ń bá a pàdé nínú àwọ̀n, tòun ti ọ̀rá omi tí àwọn èèyàn ń pè ní piọ́ wọ́tà. Kì í ṣe àwọn ará etí omi nìkan ló dà á síbẹ̀ o. Odò Ògùn tó gba Abẹ́òkúta kọjá, ìtòsí Májídùn ló ti ń wọ inú ọ̀sà, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí àwọn ìlú ẹ̀yìn ti dì lé e lórí. Omi tó ń kó ìdọ̀tí wá yìí náà ló ń kún bò wọ́n. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí odò Ògùn kún àkúnya lẹ́yìn tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán, Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú rì sómi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì fi ilé wọn sílẹ̀.

Gbéborùn tún wà ńbẹ̀, ewé olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó máa ń tẹ́ lójú omi bí ẹní, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò fi ní lè yí. Ọdún 1984 ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lágbègbè Badagry, ó sì ti tàn dé Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti káàkiri odò ilẹ̀ wa. Achenyo Idachaba, obìnrin tó dá ilé-iṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 2011, ló fi han ọ̀pọ̀ èèyàn pé a lè sá ewé náà gbẹ, ká fi hun apẹ̀rẹ̀ àti ohun èlò ilé, ó sì ti ń kọ́ àwọn ará etí omi ní iṣẹ́ ọ̀hún. Ìhun yìí kò lè tán gbéborùn, ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rí owó nídìí ewé tó ń ṣà kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀wù ọ̀fẹ́ tàn án wá.

Àwọn ètò ìmọ́tótó etí omi tí àwọn NGO máa ń ṣe, pàápàá nínú oṣù Kẹsàn-án, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti pilẹ̀. Ní ọdún 1986, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Ocean Conservancy lónìí kó àwọn èèyàn jọ sí etíkun Texas ní Amẹ́ríkà. Wọn kò kàn ṣa ìdọ̀tí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ìdérí ìgò mélòó, ike mélòó, okùn àwọ̀n mélòó. Ní ọdún 2008, ní orílẹ̀-èdè kékeré Estonia, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta èèyàn jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo láti kó ìdọ̀tí tí wọ́n ti dà sínú igbó wọn. Ìyẹn ló bí World Cleanup Day, tí gbogbo ayé kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 2018. Ní Èkó, African Cleanup Initiative, ẹgbẹ́ tí Alexander Akhigbe dá sílẹ̀, wà lára àwọn tó mú un ní ọ̀kúnkúndùn. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ń ṣe ètò RecyclesPay, tí òbí fi lè kó ike tó ṣà wá fún iléèwé kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó ọmọ rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní Morit International School ní Ajégúnlẹ̀ ti ọ̀hún, ìyẹn Ajégúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpápá.

Nínú gbogbo èyí, kíkà ló ṣe pàtàkì jù, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ètò wa ń fò dá. Wọ́n á kó àpò ọgọ́rùn-ún jọ, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, ọkọ̀ LAWMA, àjọ akólẹ̀ ìpínlẹ̀, á gbé e lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí àpò, tó yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó kọ ọ́ sílẹ̀, ló lè dé ọ̀dọ̀ aṣòfin tàbí iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìgò kó sì wí pé, ẹ wo èyí tó pọ̀ jù nínú omi wa. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Èkó ti kéde pé kí wọ́n má lo abọ́ fóòmù ìjẹun mọ́, ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025 sì ni òfin de àwọn ike àlòdànù míràn. Òfin dára, àmọ́ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó ń ṣa ìdọ̀tí ní Ìkòròdú ló lè sọ bóyá nǹkan ti yí padà nínú omi lóòótọ́.

Igi etí omi tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ̀gbà, igi tó máa ń ta gbòǹgbò bí ẹsẹ̀ alákàn sínú ẹrẹ̀, ni ilé àwọn ọmọ ẹja àti edé. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ìgbì máa ń kọ lù kó tó dé ilẹ̀. Igi náà dára fún ìdáná ẹja yíyan, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń dín in kù. Àwọn tó ń wa iyanrìn sì ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi jìn sí i, tí etí omi fi ń ya lulẹ̀. Láti gbin ẹ̀gbà kò le: èso rẹ̀ máa ń hù lórí igi, á gùn ju ìka lọ, èèyàn á kàn tì í bọ ẹrẹ̀. Ohun tó le ni láti mọ ibi tó yẹ. Jákèjádò ayé ni wọ́n ti gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀gbà síbi tí omi ti máa ń bò ó pẹ́ jù, tí gbogbo rẹ̀ sì kú láàárín ọdún kan, nítorí ibi tó rọrùn fún èrò láti dúró ni wọ́n gbìn ín sí. Baba apẹja tó mọ ibi tí ẹ̀gbà wà nígbà èwe rẹ̀ wúlò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹni tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání lọ.

Lábẹ́ àdéhùn Ramsar, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọdún 1971 láti dáàbò bo ilẹ̀ olómi, ibi mọ́kànlá ni Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdá méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ìpínlẹ̀ Èkó ló jẹ́ omi. Ẹni tó bá ń retí kí ìjọba àpapọ̀ wá ṣọ́ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ á pẹ́ níbi tó jókòó sí.

Láyé àtijọ́, ìbẹ̀rù ló ń ṣọ́ igbó. Igbó orò, igbó àìwọ̀, igbó tí wọ́n sin àwọn àgbà sí: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú àdá wọ̀ ọ́. Bí ìlú ṣe ń fẹ̀, irú igbó bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń ṣẹ́kù níbi tí ìrókò ńlá ṣì dúró. Ètò náà ṣiṣẹ́, ó sì yẹ ká yìn ín. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tí àwọn olólùfẹ́ àṣà kì í fẹ́ sọ: nígbà tí ọdún Orò bá dé ní Ìkòròdú, obìnrin kì í jáde, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló ń pọnmi, tó ń ṣẹ́gi ìdáná, tó ń ta ẹja, tó sì kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára bí igbó àti omi bá bàjẹ́. Ìdajì ìlú kò mọ ohun tó wà nínú igbó náà. Nígbà tí ìbẹ̀rù òrìṣà wá dín kù, tí owó ilẹ̀ sì lọ sókè, àwọn tó lè dúró gbè é kò pọ̀.

Ní Òṣogbo, wọ́n rí ọ̀nà mìíràn gbà. Susanne Wenger, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére tó bá a ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1950 ló dúró ti igbó Ọ̀ṣun nígbà tí àwọn èèyàn ti ń gé e tà. Ní ọdún 1965 ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ní ọdún 2005 UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé, hẹ́kítà 75. Ẹ̀sìn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwé òfin ló mú un dúró.

Ẹni tó bá sì fẹ́ rí bí iṣẹ́ igi ṣe ń rí nígbà tí àwọn obìnrin bá dì í mú, kó wo Kẹ́ńyà. Ọdún 1977 ni Wangari Maathai bẹ̀rẹ̀ Green Belt Movement pẹ̀lú igi méje. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fún àwọn obìnrin abúlé lówó fún gbígbìn. Owó kékeré ni wọ́n ń san fún igi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá padà wá wò tí wọ́n sì rí i pé ó yè. Igi tó kú kò ní owó. Ó lé ní mílíọ̀nù àádọ́ta igi tí wọ́n ti gbìn lọ́nà yìí, òun fúnra rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní ọdún 2004. Bí NGO kan bá ń bọ̀ wá sí Ìmọ̀tà tàbí Èjìnrìn lọ́dún tó ń bọ̀, tí ó gé owó ẹ̀wù àti àsíá kúrò, tí ó sì fi san owó fún ìyá tó lè fi igi tó yè han wọ́n ní oṣù Kẹta, yóò rí ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹranko ni tiwọn ní Ẹ̀pẹ́. Ọjà Olúwo ni àwọn ará Èkó máa ń wakọ̀ lọ láti ra ẹja tútù, kò sì jọ ọjà kankan: ẹja, akàn, edé, ahun, awọ́nrínwọ́n, ọ̀nì kékeré tí wọ́n de lẹ́nu. Wọ́n sì ti ń rí akika níbẹ̀, ẹran onípẹ́ tí kò ní eyín, tó ń jẹ èèrà àti ikán, tí kì í ṣe nǹkan kan ju kó ká ara rẹ̀ jọ lọ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Láti ọdún 2017 ni àdéhùn CITES ti ka òwò akika láàárín orílẹ̀-èdè léèwọ̀ pátápátá, nítorí ìpẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kó lọ sí Éṣíà ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba Nàìjíríà kọjá.

Dókítà Mark Ofua, oníṣègùn ẹranko tó dá Saint Mark's Animal Rescue Foundation sílẹ̀ ní Èkó, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa gba irú ẹran báyìí lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, kó wo ọgbẹ́ wọn sàn, kó sì dá wọn padà sígbó. Chinedu Mogbo àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Greenfingers Wildlife Conservation Initiative, ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì ń bá àwọn apẹja etíkun ṣe àdéhùn pé bí ìjàpá òkun bá há sínú àwọ̀n, kí wọ́n pè wọ́n dípò kí wọ́n pa á, wọ́n á fún wọn ní nǹkan tí wọ́n á fi tún àwọ̀n ṣe. Ìbéèrè ńlá kan wà nínú iṣẹ́ yìí, àwọn tó ń ṣe é sì mọ̀ ọ́n: bí o bá ra ẹran lọ́wọ́ ọlọ́jà láti dá a sílẹ̀, ṣé kì í ṣe pé o ti di oníbàárà? Owó àtúnṣe àwọ̀n bọ́gbọ́n mu ju owó ẹran lọ, torí àdánù apẹja ló ń dí, kì í ṣe iye orí ìjàpá ló ń san.

Ti igún tún yani lẹ́nu. Àwọn baba wa sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Lónìí, nítorí oògùn àti ètùtù, igún tó ti pọ̀ rí lórí òrùlé ọjà wa ti wà lára àwọn ẹyẹ tó fẹ́ pa rẹ́ jù lágbàáyé. NCF àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kò lọ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jà. Wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n bèèrè ewé àti egbò tí wọ́n lè fi rọ́pò ẹ̀yà ara igún, àwọn oníṣègùn kan sì gbà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà tí kò gba ilẹ̀, tí kò gba owó púpọ̀: kíka ẹyẹ. Láti ọdún 2015 ni Nigerian Bird Atlas Project, tó fìdí kalẹ̀ sí ilé-ìwádìí APLORI ní Jọ́ọ̀sì, ti pín gbogbo Nàìjíríà sí àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tó fẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́sàn-án ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn á lọ sínú ọ̀kan, wọ́n á lo ó kéré tán wákàtí méjì, wọ́n á fi fóònù kọ gbogbo ẹyẹ tí wọ́n rí tàbí gbọ́ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH ní Ìkòròdú tàbí ti LASU ní Ẹ̀pẹ́ lè ṣe é kó tó lọ sí kíláàsì. Ìwé ẹyẹ òní á wà níwájú ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ibẹ̀ dà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ohun tó wà níwájú gbogbo èyí ni ilẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote àti èbúté ńlá Lẹ́kí ní ọdún 2023, páálí "ilẹ̀ wà fún títà" ti tò láti Ìbẹjú títí wọ Ẹ̀pẹ́. Erédò Súngbọ́ alára, yàrà àti odi ìgbàanì tó gùn ju kìlómítà 150 lọ, tó sì jìn tó mítà 20 láwọn ibì kan, kò bọ́. Abẹ́ odi yẹn tutù, ewéko tó ń hù lára ògiri rẹ̀ kò sí lórí ilẹ̀ gbígbẹ lókè, ó sì ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà láti ọdún 1995. Àwọn awalẹ̀pìtàn kò tíì fẹnu kò lórí ọjọ́ orí rẹ̀. Síbẹ̀, níbi tí ojú ọ̀nà tàbí ilé bá ti gba orí rẹ̀, ó ti di ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹgbẹ́ tó bá mú àwọn èèyàn rìn níbẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń wálé fún ọdún Káyokàyó, á rí èrò tó ní ìdí láti bínú sí katapílà. Ọjọ́ Àyíká Àgbáyé tí àwọn NGO fẹ́ràn, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà, kò lè bá irú èrò bẹ́ẹ̀ nílé àfi bí Iléyá bá bọ́ sítòsí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí Octavia Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ọdún 1895 ni pé wọ́n dá National Trust sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó lè ra ilẹ̀ tàbí gbà á lọ́rẹ, kó sì dì í mú fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn níbẹ̀ ń tún ọgbà tí kò sẹ́ni tó máa tà mọ́ wọn lẹ́yìn ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Ìdílé àti ọmọ onílẹ̀ ṣì ń tà á lábẹ́lẹ̀. Igi tí NGO gbìn sórí ilẹ̀ tí kò ní ìwé lè bọ́ sọ́wọ́ oníbúlọ́ọ̀kù kó tó so èso àkọ́kọ́. LUFASI, igbó hẹ́kítà 20 tí Desmond Majekodunmi dúró fún lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, fi hàn pé ó ṣeé ṣe: àwọn iléèwé àti ilé-iṣẹ́ ń wá gbin igi síbẹ̀, bí wọ́n bá sì padà wá lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wọ́n á bá igi wọn níbẹ̀.

Afárá kẹrin tí ìjọba Èkó ń gbèrò láti kọ́ sórí ọ̀sà, nǹkan bí kìlómítà 38, ni wọ́n ní yóò gba Ìkòròdú kọjá. Àwọn aṣojú ilẹ̀ ti ń fi orúkọ rẹ̀ polówó. CDA tó bá ní àlàfo ilẹ̀ tó kù nínú àwòrán àdúgbò rẹ̀, yálà ibi tí omi ń gbà tàbí pápá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé, kó kọ́kọ́ pe sàfẹ́yọ̀ wá, kó sì kọ̀wé sí káńsù àti sí LASPARK, àjọ ọgbà ìpínlẹ̀, pé àwọn fẹ́ kí ó wà gẹ́gẹ́ bí ọgbà igi. Owó sàfẹ́yọ̀ ló yẹ kí NGO tó fẹ́ ran Ìkòròdú lọ́wọ́ kọ́kọ́ fi sílẹ̀, kó tó ra igi.